Ta Ló Buwọ́ Lù Ú?

Kí kọ̀ǹpútà tó dé Apápá, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kíkà lọ. Bí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já àpò ìrẹsì, àpò iyọ̀ àti ìdì pańla sílẹ̀, ẹnì kan á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù pẹ̀lú bébà àti bírò. Á fa ilà kan, á fa èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, á wá fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Tálì-kíláàkì ni wọ́n ń pè é. Bí àpò kan bá dín láàárín ọkọ̀ àti ilé ìkẹ́rùsí, bébà tirẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, torí pé orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀ ẹni tó ni ọkọ̀, ẹni tó ni ẹrù àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ilà tó fà ni gbogbo wọn gbójú lé.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé èbúté lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ lọ́dún 2006, tí APM Terminals gba ibi tí wọ́n ti ń já kọ̀nténà ní Apápá, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tálì-kíláàkì. Kọ̀nténà ti kúkú sọ iṣẹ́ wọn di ti àtijọ́. Àpótí irin tí wọ́n ti sé pa láti Ṣáínà, kí lèèyàn fẹ́ kà nínú rẹ̀? Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ti tó. Kọ̀ǹpútà ló ń kà báyìí, orí ìkànnì ni wọ́n sì ti ń wo ohun tó kà. Èmi ò sunkún nítorí bébà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí orúkọ tó wà nísàlẹ̀ bébà gbà lọ.

Ẹ má sì rò pé mo fẹ́ sọ pé ayé àtijọ́ ló dáa. Apápá yìí náà ni ojú ti ti Nàìjíríà lọ́dún 1975, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà kankan tí a lè di ẹ̀bi rù. Ìjọba Gowon ti ra sìmẹ́ǹtì tó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ èbúté Èkó kò lágbára àtijá ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú omi, sìmẹ́ǹtì ló kún inú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Owó ìdádúró ń gorí ara wọn lójoojúmọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ kan sì ti rí i pé dídúró lásán lérè ju ẹrù rírù lọ, wọ́n wá gbé ògbólógbòó ọkọ̀ wọn wá kí ó wá dúró. Sìmẹ́ǹtì dì mọ́ inú àpò. Gbogbo ìwé àdéhùn wọ̀nyẹn ló ní ìbuwọ́lù, bírò ni wọ́n sì fi bu ọwọ́ náà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ayélujára ló bàwà wa jẹ́, kò tíì gbọ́ ìtàn Apápá.

Lẹ́yìn ohun tó lé ní ogójì ọdún, wọ́n tún tò. Tírélà ló tò lọ́tẹ̀ yìí, orí ilẹ̀ ni wọ́n sì wà. Ìlà wọn gba Wharf Road àti Creek Road, ó gba orí afárá kọjá sí Ìjọrà, apá kejì rẹ̀ sì gùn dé ọ̀nà Mile 2. Abẹ́ ọkọ̀ làwọn awakọ̀ ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀. Ẹlòmíì ń lo ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta kí ó tó rí géètì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kó ọ́fíìsì wọn kúrò ní Apápá. Àwọn onílé so pátákó mọ́ ilé tí kò sẹ́ni tó fẹ́ háyà rẹ̀. Ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ ṣì kù sí Warehouse Road a máa fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, á wá gun ọ̀kadà wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò tó gbówó lórí.

Lọ́jọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté, NPA, gbé ìkànnì kan jáde tí wọ́n sọ ní Ètò. Truck Transit Parks ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé e fún láti máa darí rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Ẹni tó ní tírélà á forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á sanwó, á lọ dúró sí gáréèjì tí wọ́n fọwọ́ sí, bíi Lilypond tó wà ní Ìjọrà, títí ìkànnì á fi pè é pé ó kàn án. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni wọ́n á yẹ̀ wò lẹ́nu géètì. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀nà là. Àwọn ará Apápá rí ọ̀dà ojú títì tí wọ́n ti gbàgbé àwọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi tún figbe bọnu. Wọ́n ní ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì ti wà níta. Wọ́n ní ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tòótọ́ ṣì gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò fún àgbèrò àti fún àwọn aláṣọ ìjọba ní ibùdó kan sí èkejì. Ìlà inú ẹ̀rọ gún régé. Ìlà ojú títì ló wọ́. Kọ̀ǹpútà mọ ẹni tó kàn. Ẹni tó di igi mú lójú ọ̀nà náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò kàn án. Bí a bá fẹ́ sòótọ́, àwa náà ò mọ́ nínú rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà, ẹnì kan ló ń san án, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń fipá gbà á. Onítírélà tó fi owó ra ààyè ẹni tó ti sun ìta fún ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, ó jí ọjọ́ mẹ́rin ẹlẹ́ran-ara bíi tirẹ̀. Bó bá délé, á sọ pé ìjọba ló ba Nàìjíríà jẹ́.

Mo ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bínú sí àwọn tó kọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé kóòdù lè yọ kùmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dábùú ọ̀nà. Kò lè yọ ọ́. Ohun tó lè ṣe ni pé kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: ọkọ̀ wo ló wọlé, aago mélòó, ta ló tẹ bọ́tìnnì pé kó wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nítorí pé àwọn tó ń ṣe ìkànnì, àti àwọn ọ̀gá tó ń darí wọn, àwọn gan-an ni iṣẹ́ tálì-kíláàkì kù sí lọ́wọ́, bí wọ́n mọ̀ ọ́n, bí wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ bi ẹni tó ti wọ báńkì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tàbí ẹni tó ti lọ gbàwé ní ọ́fíìsì ìjọba, tàbí ajẹ́ńtì tó ń sáré ìwé ẹrù kiri láàárọ̀ kùtù. Ó ti gbọ́ ọ rí: "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Ẹni tó sọ ọ́ kì í sábà gbójú sókè. Kò sọ ohun tó bàjẹ́, kò sọ ẹni tó ń tún un ṣe, kò sọ ìgbà tí ẹ lè padà wá. Ẹ̀yin náà kò sì béèrè, torí pé bí òjò ni wọ́n ṣe sọ ọ́, ta ló sì ń bi òjò ní ìdí tó fi rọ̀? Nígbà míì, ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ti jáde lọ jẹun. Nígbà míì, wọn ò tíì ra dísù sí jẹnẹrétọ̀. Ìgbà míì sì wà tí ẹni tó di pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ "rí òun". Gbogbo rẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bò mọ́lẹ̀. N kò mọ irọ́ kan tó rọrùn láti pa tó o ní gbogbo ilẹ̀ yìí, torí pé ó máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà míì.

Ó jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Okùn mẹ́rin lábẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà ní tòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì já ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn báńkì Nàìjíríà náà fara gbá a. MainOne gbé ọ̀rọ̀ jáde: wọ́n sọ ibi tí okùn ti já, wọ́n sọ pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì, wọ́n sọ pé àtúnṣe lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ọkọ̀ tó máa gbé okùn tuntun lọ sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lójú omi. Bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ lẹ́nu káńtà, nígbà tí ọmọ báńkì sọ fún wa pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣe la pòṣé. Ta ni kò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà fún ẹni tó jìnnà sí i. Ìkànnì ńlá kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn kan ń ya ojú rẹ̀, àwọn kan ń kọ kóòdù, àwọn kan ń dán an wò bóyá ó máa fọ́, àwọn kan ń ṣọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dúró, àti àkọsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Olórí ikọ̀ ló ń pín iṣẹ́, òun ló yẹ kó rí i pé ojú kejì ka ohun tí ọmọọṣẹ́ kọ kí ó tó jáde síta, òun ni wọ́n sì ń pè ní aago méjì òru. Git ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn fi ń tọ́jú kóòdù. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló ṣe é lọ́dún 2005. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kì í gbàgbé. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣe é, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìdí tó fi ṣe é. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní git blame: tẹ̀ ẹ́, á sì to orúkọ síwájú ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé kò ní irú rẹ̀. Bí ilé bá wó ní Èkó, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń wá ẹni tó po kankéré.

Irinṣẹ́ tó tó báyìí ló wà lọ́wọ́ wọn, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ènìyàn mẹ́fà á máa wọlé pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo, "admin", pásíwọ́ọ̀dù á sì wà lórí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà, tí ẹni tó ń gbálẹ̀ náà lè kà. Ọmọ àbúrò ọ̀gá mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n lé kúrò níṣẹ́ ní oṣù Kìíní ṣì mọ̀ ọ́n. Bí owó bá wá sọnù, tàbí tí orúkọ ẹnì kan pòórá nínú àkọsílẹ̀, admin ló ṣe é. Ta ni admin? Wọn á ní ó jọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ẹni tó fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á kọ kóòdù, á gbé e síwájú ẹni tó jù ú lọ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn á wo aago, á wo iye ìlà tó wà níbẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ pé ó dáa. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé. Bó ṣe rí ní ikọ̀ púpọ̀ nìyẹn, ní Èkó, ní London, ní California. Kì í ṣe àìsàn ilẹ̀ wa nìkan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ àgbà yìí wà lọ́jà lóòótọ́, fóònù ló ń tẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ń fà gùn, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bìrìtéènì. Láti ọdún 1999 ni Post Office ilẹ̀ náà ti ń lo ètò ìṣirò kan tí ń jẹ́ Horizon, ilé-iṣẹ́ Fujitsu ló ṣe é. Ètò náà a máa sọ pé owó dín níbi tí owó kò ti dín. Àwọn tó ń ṣe kòkárí ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké, tí ọ̀pọ̀ wọn ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò, ni wọ́n ní kí wọ́n san án. Àwọn kan ta ilé wọn. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Títí di ọdún 2015, àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lé ní 900. Bí wọ́n bá sì pe ibi tí wọ́n ti ń gba ìrànlọ́wọ́ pé ẹ̀rọ yìí ń ṣe ségesège, èsì tí ọ̀pọ̀ wọn gbà ni pé àwọn nìkan ló ń ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alan Bates kó èèyàn 555 jọ, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga, ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 sì ni adájọ́ kéde pé àléébù wà nínú Horizon lóòótọ́. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ ka ọdún náà: 1999 sí 2019. Ohun tí òwe náà kò sọ ni iye èèyàn tí irọ́ á ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọjọ́ kan náà tó pé.

Ohun tí mo máa ń rò nípa rẹ̀ ni àwọn tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n mọ̀ pé àléébù wà. Wọ́n ti rí i, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ lè wọ àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù kan láti ibi tí wọ́n jókòó sí, ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ fún aráyé pé kò ṣeé ṣe. Owó oṣù wọn ń wọlé déédéé. Ilé ẹjọ́ jìnnà sí tábìlì wọn.

Tiwa ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, gbé èsì ìdánwò UTME jáde fún àwọn ọmọ tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nínú wọn kò sì gba 200 nínú 400. Ariwo sọ. Bí ìṣe wa, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló kọ́kọ́ sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé, TikTok ni wọ́n mọ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìsháq Olóyèédé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, dúró níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá. Ó ní àṣìṣe ti wáyé. Àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ kò gbé àtúnṣe kóòdù kan dé orí àwọn sáfà tó ń sin Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn Ìgbò, ẹnikẹ́ni kò sì rí i títí èsì fi jáde. Àwọn ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, 65 nínú wọn ní Èkó. Ọmọ 379,997 ni. Àwọn tó jẹ́ ti Èkó nínú wọn jẹ́ 206,610. Ó ní òun gba ẹ̀bi náà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe.

Àwọn kan ní omijé ọ̀nì ni. Àwọn kan ní kó kọ̀wé fipò sílẹ̀. N kò lè fi omijé wọn ìwà ẹnikẹ́ni, ẹkún pọ̀ lójú àwọn olóṣèlú wa náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ì bá sọ, tí a ò sì ní bi í ní nǹkan kan mọ́. Ì bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, nígbà ìbò ààrẹ ní oṣù Kejì ọdún 2023, tí èsì kò gòkè sórí ìkànnì IReV bí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ṣe ṣèlérí, ìṣòro ẹ̀rọ ni wọ́n ní ó fà á, a sì wà níbẹ̀ di òní. Olóyèédé mú ìṣòro ẹ̀rọ, ó fún un ní ibi tó wà, ó fún un ní nọ́ńbà, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni. Kò kọ ìlà kóòdù kan nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí kò jẹ́ kí n yìn ín tán ni pé ó yẹ kí ẹnì kan ti rí i ṣáájú. Àwọn sáfà apá kan gba àtúnṣe, ti apá kejì kò gbà á. Kí ni olórí ikọ̀ ń wò? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Láàárín ẹni tó yẹ kó gbé àtúnṣe náà dé Èkó àti ẹni tó sunkún ní Àbújá, ìbuwọ́lù tó pọ̀ ló ti yẹ kó wà. Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ pé ó dáa.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ní tiwa ni pé a fẹ́ràn ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ju ọjọ́ kejì rẹ̀ lọ. Kọmíṣọ́nà á dé pẹ̀lú àwọn akọròyìn, wọ́n á ta ríbọ́ọ̀nù (ìkànnì kò ní ẹnu ọ̀nà, àmọ́ wọ́n á rí ibi ta á sí), wọ́n á jẹ ìrẹsì, olórí ikọ̀ á ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọdún kan, àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì náà á kú nítorí pé kò sẹ́ni tó sanwó ọdún rẹ̀. Orúkọ ọmọkùnrin tó ṣe é ni wọ́n fi gbà á nígbà náà, ọmọkùnrin náà ti wà ní Kánádà, ímeèlì tó lò ti di àkísà. Nígbà tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, ilé tẹ́tẹ́ lẹ máa bá níbẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ṣá: Pew Research Center ní Amẹ́ríkà rí i lọ́dún 2024 pé nínú 100 ojú-ewé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2013, 38 ti pòórá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ tiwọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà ní ìpamọ́ níbòmíràn. Tiwa, bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ àti owó tí wọ́n san.

Wíwúwo ìkànnì tún wà níbẹ̀, ohun tí àwọn tó ń ṣe é kì í kà sí ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá ní Lekki á kó fọ́tò ńláńlá àti fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ sójú ìkànnì, torí pé ó dán lójú rẹ̀. Ẹni tó máa ṣí i ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, fi ọgọ́rùn-ún náírà díẹ̀ ra détà ni, lẹ́yìn tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láyè ní oṣù Kìíní ọdún 2025 láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Détà rẹ̀ á tán kí fọ́ọ̀mù tó wá kọ tó jáde. Kò sẹ́ni tó máa pe ìyẹn ní olè. Iná tí sáfà ń jẹ náà wà nínú rẹ̀, dísù ni jẹnẹrétọ̀ fi ń bọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ níbí, àmọ́ ti détà ni mo kọ́kọ́ ń rò, torí pé àpò ẹnì kan pàtó ló ti ń jáde.

Láti Warehouse Road sí Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà, kòtò omi kan ló pín wọn níyà. Apá kan ni wọ́n ti ń ka kọ̀nténà, apá kejì ni àwọn tó ń rù ú ń gbé. Ajégúnlẹ̀ ló tọ́ Taribo West àti Odion Ighalo fún bọ́ọ̀lù, òun ló tọ́ Daddy Showkey fún orin. Àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ń kọ́ kóòdù lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà àlòkù báyìí kì í ṣe díẹ̀. Bọ̀sún Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn tó dá CcHUB, ibùdó iṣẹ́ ẹ̀rọ, sílẹ̀ ní Yábàá lọ́dún 2010, di mínísítà lọ́dún 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ètò tó dáa ni. Mo gbà pé ó dáa ju kí ọmọ jókòó sí yàrá kan lóru kó máa fi orúkọ òyìnbó kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí àgbà obìnrin ní Texas, kí ìyá rẹ̀ sì máa gbàdúrà lé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ yìí, nínú oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, bí a ṣe ń ṣe nǹkan tuntun ni wọ́n ń kọ́. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, n kò rí i.

Bẹ́ẹ̀ ìfilénilọ́wọ́ ni ìdajì iṣẹ́ náà. Àwọn tó mọṣẹ́ ń lọ sókè òkun. Olórí ikọ̀ tó gba ọmọ mẹ́rin lónìí mọ̀ pé méjì nínú wọn ti ń kó ìwé jọ. N kò bá wọn jà, ẹni tó bá rí ọ̀nà kó gbà á. Ìbéèrè ni ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. A ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó ń lọ, tó kọ ibi tí pásíwọ́ọ̀dù wà, tó yí àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì sórúkọ ilé-iṣẹ́, tó sì jẹ́wọ́ pé "apá ibí yìí ò dára tó, mo kánjú ṣe é ni," ó ti fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n lè máa pè é láti Èkó kó máa gbowó, mo mọ orúkọ tí àwọn àgbà máa pè é.

Owó pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó ṣí ìkànnì ló ń gba owó ńlá. Ẹni tó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, iṣẹ́ tí kò dùn ún sọ lóde àríyá ló ń ṣe, ìgbà tó bá sì kọ́kọ́ ṣàṣìṣe ni ọ̀gá máa tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ akẹ́rùjáde kan ní Warehouse Road bá fẹ́ gba ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan síṣẹ́ lọ́la, iye ìkànnì tó ti ṣe ni wọ́n máa bi í. Kí wọ́n bi í léyìí tó ṣì wà láàyè nínú wọn, kí wọ́n tẹ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lójú rẹ̀, kí gbogbo wọn jọ máa wò ó bí ó ṣe ń ṣí.